Orí Kẹfà: Ọ̀dà Ló Gbẹ̀yìn

Ẹni tó bá mọ inú àwọn agboolé àtijọ́ ní Pópó Yemọja nílùú Ìbàdàn, láti ibẹ̀ dé Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúńkà, yóò ti bá Fẹ́sípà kan, ìyẹn sikútà Vespa, pàdé rí. Ó lè wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó lè wà lẹ́yìn ilé ìdáná, kí adìyẹ máa yé sí ibi ìjókòó rẹ̀, kí àwọn ọmọdé sì máa yí ọwọ́ rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń lọ sí Èkó. Bàbá tó ni ín lè jẹ́ tíṣà, ó lè jẹ́ wolé-wolé, ó lè jẹ́ akọ̀wé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tàbí ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Láyé àwọn ọdún 1960, ẹni tó bá gun Fẹ́sípà kọjá níwájú Gbọ̀ngàn Mápó, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé owó oṣù ń wọlé fún un. Nígbà tó yá, owó epo rọ̀bì mú kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀, alùpùpù Japan dé, ọ̀kadà gba ìgboro. Wọ́n gbé Fẹ́sípà tì. Wọn ò tà á, wọn ò tún un ṣe, ó sì wà níbẹ̀ títí bàbá fi lọ.

Ní báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń wá a. Ohun tí mo sì máa ń rí ni pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kun ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Wọ́n á kùn ún ní pupa fòò, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, ẹ̀rùn á kọjá, òjò á dé, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí wú bí ẹni tí iná jó. Owó ti lọ, ẹ́ńjìnì ò sì tíì ṣiṣẹ́. Èèyàn lè tún Fẹ́sípà ṣe ní ilé ara rẹ̀, ní ojúde, pẹ̀lú sípánà díẹ̀ àti mẹkáníìkì kan tó ṣe é bi léèrè, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú, ó sì ní ohun tó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ òfuurufú ni ilé iṣẹ́ Piaggio ń ṣe ní Pontedera, nílẹ̀ Ítálì, kí bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì tó fọ́ ibẹ̀ yángá. Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti dáwọ́ dúró, òpópónà ti bàjẹ́, àwọn aráàlú sì ń wá ohun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n lè gùn. Enrico Piaggio gbé iṣẹ́ náà lé Corradino D'Ascanio lọ́wọ́, ẹni tó ti ṣe hẹlikópítà kan tó fò ní 1930. D'Ascanio kórìíra alùpùpù. Ṣéènì rẹ̀ ń fi epo yí èèyàn láṣọ, táyà rẹ̀ ṣòroó yọ lójú ọ̀nà, èèyàn sì gbọ́dọ̀ la ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ kó tó jókòó. Ó wá fi ọgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú ṣe tirẹ̀. Ó mú ṣéènì kúrò, ó fi táyà ẹ̀yìn kọ́ ọ̀pá gíà ní tààrà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ti di táyà iwájú mú, bí wọ́n ti ń ṣe sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ó yọ férémù onírin tó máa ń gbé alùpùpù dúró dànù, ó ní kí páànù ara rẹ̀ gbé ẹrù fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, 1946 ni Piaggio kọ̀wé béèrè fún ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ rẹ̀.

Páànù tó ń gbé ẹrù yẹn ni kí ẹ fi ọkàn sí. Bí ìpẹtà bá jẹ mọ́gáàdì alùpùpù Japan, ojú rẹ̀ ló bàjẹ́. Bí ó bá jẹ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lára Fẹ́sípà, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ yẹn, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí yóò ká láàárín pẹ̀lú ẹni tó gùn ún. Nítorí náà, ẹ dà á dùbúlẹ̀ sórí àpò àti aṣọ àkísà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Ẹ yọ rọ́bà tó wà níbi ìtẹ̀sẹ̀, torí abẹ́ rẹ̀ ni omi máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ wo ìdí bíréèkì ẹsẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ẹ wo ihò àárín tí àwọn wáyà bíréèkì àti gíà gbà kọjá, àti ibi tí wọ́n fi bóòtù de ìdúró rẹ̀ mọ́. Orí sikurudiráfà ni kí ẹ fi gún un. Irin tó bá dáa yóò dún, èyí tó bá ti jẹrà yóò wọlé.

Bí wọ́n bá ti kùn ún rí, ojú lè tàn yín jẹ. Àwọn kan máa ń fi bọ́dì fílà dí ihò, wọ́n á fá a kó dán, wọ́n á sì kun ọ̀dà lé e lórí. Ẹ tú ẹ̀yìn rédíò tó ti kú, ẹ yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e kó má ba ara rẹ̀ họ, kí ẹ wá máa gbé e kiri ara bódì. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, irin kò sí nítòsí.

Irin kì í dógùn-ún láìsí omi àti ọ́síjìn pọ̀. Àwọn méjèèjì ló ń sọ ọ́ di èérún pupa tí a mọ̀ yẹn. Èérún náà fẹ̀ ju irin tó jẹ lọ, òun ló ń ti ọ̀dà jáde láti abẹ́. Ó tún ní ihò wẹ́wẹ́ tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, nítorí náà ẹni tó kun ọ̀dà lé ìpẹtà lórí ti sé omi mọ́ irin lára. Láti òkè Mápó, ẹ wo àwọn òrùlé ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti pọ́n láti ìgbà pípẹ́. Funfun ni páànù wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n kàn án, síǹkì ni wọ́n fi bò wọ́n. Síǹkì a máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí ọ́síjìn jẹ òun dípò irin. Bí ìṣó bá tilẹ̀ họ ojú páànù, síǹkì tó yí ibẹ̀ ká ṣì ń gba irin náà là. Ìgbà tí síǹkì bá tán ni pupa dé. Iṣẹ́ yìí kan náà ni ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó ní síǹkì nínú ń ṣe fún bódì Fẹ́sípà, bí ẹ bá fi kan irin tó mọ́ lásán. Bí ìpẹtà bá wà láàárín wọn, owó ọ̀dà náà ti wọgbó. Ìgbà ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, torí irin tí ẹ bá fá mọ́ láàárọ̀ lásìkò òjò Ìbàdàn lè ti máa pọ́n kó tó di alẹ́.

Ẹ má ṣe fá ọ̀dà àtijọ́ náà ní gbígbẹ. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà náà, eruku rẹ̀ sì ń wọ ara láti imú àti ẹnu. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́ jù. Ní 2010, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọmọdé tí wọn kò dín ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Eruku Fẹ́sípà kan kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, àmọ́ agboolé ni ẹ wà, àwọn ọmọ ń rá, ìyá àgbà ń sá èlùbọ́. Sáńpépà tí wọ́n ń fi omi lò ni kí ẹ rà, kí ẹ da omi sí i, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, kí ẹ sì kó ẹrẹ̀ náà dànù síbi tí adìyẹ ò ti ní jẹ ẹ́. Eruku inú bíréèkì àtijọ́ náà kò ṣe é fẹ́. Asbẹ́sítọ́ọ̀sì, tó léwu láti fà símú, wà nínú rọ́bà bíréèkì ayé ìgbà yẹn, àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Irin tó bá ti jẹrà, gígé ni kí ẹ gé e, kí wẹ́dà fi tuntun rọ́pò. Páànù Fẹ́sípà fẹ́lẹ́, ẹni tó ń jó géètì àti ojú fèrèsé lójoojúmọ́ lè jó ihò sí i kó tó mọ̀. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ bí a ti ń fi ọwọ́ fúyẹ́ jó bódì ọkọ̀, kó sì máa tò ó ní ìkán-ìkán, ibí díẹ̀, ọ̀hún díẹ̀, kí ooru má ba à lọ́. Kó tó gé ìtẹ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀pá irin kan so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bódì náà yóò tẹ̀, táyà méjèèjì ò sì ní wà lójú ìlà kan mọ́ láéláé. Ẹ yọ táǹkì epo kúrò pátápátá kí iná tó dé tòsí rẹ̀. Táǹkì òfìfo léwu ju èyí tó kún lọ, torí èéfín epo tó kù nínú rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ló ń bú gbàmù.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí ẹ́ńjìnì, níbi tó wù mí jù.

Ẹ́ńjìnì Fẹ́sípà àtijọ́ kò ní fáàfù bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbátan rẹ̀, ẹ wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour”, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè da epo sí láì po ọ́ìlì mọ́ ọn. Bí pisitíìnì bá ń gòkè, ó ń fún afẹ́fẹ́ àti epo tó wà lókè pọ̀, lákòókò kan náà ló ń fa òmíràn wọ inú àpótí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì á tanná, pisitíìnì á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbára, èéfín á jáde lójú ihò kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ gòkè wá gba ipò rẹ̀. Àpótí ìsàlẹ̀ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ pọ́ńpù, nítorí náà kò sí ibi tí a lè da ọ́ìlì sí fún ọ̀pá kíránkì bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Inú epo ni ọ́ìlì ti ń bá a rìn. Ẹni tó gbàgbé ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan, pisitíìnì rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ sílíńdà kó tó gùn ún dé Mọ́lété.

Ẹ ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnì ní apá ọ̀tún, kí ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n lù sí ara bódì. VBB jẹ́ Fẹ́sípà 150 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, VBC jẹ́ Super tó dé ní 1965. Sílíńdà àwọn méjèèjì fẹ̀ ní milimítà 57, pisitíìnì wọn sì ń rin milimítà 57, ìyẹn ló jẹ́ kó tó nǹkan bíi cc 145. Àwọn yìí ń fẹ́ ọ́ìlì ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún: lítà epo kan, ọ́ìlì mílílítà 20. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣáájú wọn ní àwọn ọdún 1950 ń fẹ́ ìdá márùn-ún, ìyẹn mílílítà 50. Ẹ ra síríǹjì onímílílítà 20 ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, òun ló dáa jù láti fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì ra ọ́ìlì tí wọ́n kọ 2T sí lára. Ọ́ìlì mọ́tò kì í jó tán nínú rẹ̀, yóò di èédú sí ojú sálẹ́ńsà.

Nítorí pé àpótí ìsàlẹ̀ ni pọ́ńpù, kò gbọ́dọ̀ jò. Ọ́ìlì síìlì méjì ló ń sé e, ọ̀kan ní ìhà kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ní ìhà fíláìwíìlì. Rọ́bà ni wọ́n, rọ́bà tó sì ti dákẹ́ síbì kan láti ayé ìjọba ológun ti le gan-an. Bí ti ìhà kílọ́ọ̀ṣì bá là, ẹ́ńjìnì á máa mu ọ́ìlì gíà, èéfín funfun á bo agboolé, ọ́ìlì gíà á sì máa dín láìjò sílẹ̀. Bí ti ìhà kejì bá là, afẹ́fẹ́ lásán ló ń wọlé, epo àti ọ́ìlì á kéré nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnì á máa sáré fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti tu ọwọ́ sílẹ̀, ooru rẹ̀ á sì pa pisitíìnì. Àwọn kan ń tún kábúrétọ̀ ṣe títí láìmọ̀ pé síìlì olówó kékeré ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Kí ẹ tó gbìyànjú àtijí i rárá, ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Ẹ mú àwọn àtijọ́ lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, kí wọ́n wọ̀n ọ́n níṣojú yín.

Ẹ má yára ta á ní kíìkì. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ da dísù díẹ̀ àti ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ kó máa wọra. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi rọra yí fíláìwíìlì. Ẹni tó bá fi agbára ta kíìkì sí pisitíìnì tó ti lẹ̀ yóò ṣẹ́ ríìnsì rẹ̀. Ẹ yọ ìbòrí páànù tó bo sílíńdà pẹ̀lú, torí abẹ fáànù tó wà lára fíláìwíìlì ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láti mú un tutù. Ìyẹ́ adìyẹ, koríko tí eku kó jọ, ilé agbọ́n alámọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí atẹ́gùn kò bá dé ara rẹ̀ kò ní pẹ́ jóná.

Ní ti iná, ọ̀pọ̀ Fẹ́sípà kò nílò bátìrì kó tó jí. Mágínẹ́ẹ̀tì inú fíláìwíìlì ń yí ká kọ́ílì, iná ń dé pọ́lọ́ọ̀gì. Kọ́ńtáàtì rẹ̀ ló máa ń dógùn-ún. Ẹ fi ẹ́mẹ́rì tó kúnná nù ún, kí rẹwáyà sì wọ̀n án kó máa ṣí láàárín milimítà 0.3 sí 0.5. Bí iná bá ṣì rẹ̀ pupa-pupa dípò kó tàn búlúù, kọ̀ńdẹ́ńsà ni kí ẹ fura sí.

Epo tó ti pẹ́ máa ń di oje lílẹ̀ nínú kábúrétọ̀, á sì dí ihò jẹ́ẹ̀tì tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ má fi wáyà gún un, torí ihò tó bá fẹ̀ kò ní padà. Táǹkì ni kí ẹ fi sùúrù ṣe. Ẹ da nọ́ọ̀tì àti ṣéènì kékeré sínú rẹ̀ pẹ̀lú fínígà, kí ẹ máa mì í, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ásíìdì inú fínígà ń tú ìpẹtà. Tí ẹ bá dà á nù tán, irin inú rẹ̀ á ti mọ́, ásíìdì tó kù yóò sì tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Káún ni kí ẹ pò mọ́ omi kí ẹ fi ṣàn án, nítorí káún ń pa agbára ásíìdì. Ẹ gbẹ ẹ́ kíá, kí ẹ da epo tó ti ní ọ́ìlì sí i kó yí gbogbo inú rẹ̀ ká.

Bí mẹkáníìkì alùpùpù bá ní òun ò mọ Fẹ́sípà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àgbà tó ń tún kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe. Piaggio kan náà ló ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n pè ní Ape ní 1948, Bajaj ti India sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Inú ìdílé yẹn ni èyí tí a fi orúkọ Buba Marwa pè, gómìnà ológun Èkó láti 1996 sí 1999, ti jáde wá. Ẹni tó bá ti tú Márúwá àkọ́kọ́, èyí tó ń mu ọ́ìlì nínú epo, kò ní ṣe àjèjì sí Fẹ́sípà yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gba táyà Márúwá lọ́wọ́ rẹ̀. 4.00-8 ni, ríìmù rẹ̀ bá ti VBB mu, àmọ́ ó fẹ̀ jù, 3.50-8 ni tiyín. Bárò náà ń lo 3.50-8, ti bárò kò sì wà fún eré. Ríìmù Fẹ́sípà jẹ́ abala méjì tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì so pọ̀. Ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú táyà jáde kí sípánà tó kan nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀, abala ríìmù lè fò lu èèyàn lójú.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti jí i. Èéfín rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù mónókísáìdì tí kò ní òórùn, tó sì ń pa èèyàn nínú yàrá títì, bí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣe. Epo tí kò jó pẹ̀lú máa ń bá èéfín rẹ̀ jáde. Ọ̀kan lára ohun tó mú kí afẹ́fẹ́ Kùtọnu nílẹ̀ Benin burú nígbà kan nìyẹn, nígbà tí irú ẹ́ńjìnì yìí wà lábẹ́ àwọn zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn, tó kún ìlú. Ọkọ̀ ọjọ́ ìsinmi ni kí Fẹ́sípà yín jẹ́, kò yẹ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Lẹ́yìn tó bá ti rìn díẹ̀, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì wò. Bí ó bá ní àwọ̀ kọfí, ó dáa. Bí ó bá funfun, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ síìlì. Bí ó bá dúdú tó sì tutù, epo tàbí ọ́ìlì ló pọ̀. Ẹ tú ọ́ìlì gíà, nǹkan bíi mílílítà 250, kí ẹ da SAE 30 tuntun sí i. Bí gbogbo èyí bá ti gún, bódì tí síǹkì ti kàn lára tẹ́lẹ̀ lè wá gba àwọ̀ tó bá wù yín, pupa tàbí búlúù ojú ọ̀run.

Ojú ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ ti dán bíréèkì rẹ̀ wò kí ẹ tó gùn ún sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó sí Bẹẹrẹ, torí bíréèkì ayé 1960 kò mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kún fún ọ̀kadà bí ti òní. Ẹ wá ìwé rẹ̀ nínú àpótí bàbá, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ara bódì bá ti inú ìwé mu. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí ọlọ́pàá tó bi yín lójú títì. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ dé akoto, àti ẹni tó gùn ún àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn.